Báwo ni a ṣe lè tọ́ àwọn aṣáájú dàgbà nínú ìjọ, tí ọkàn wọn kò sì ní rẹ̀wẹ̀sì?

Akọ̀wé Ìjọ, Òkè-Ògùn

Àlàáfíà fún gbogbo yín nínú Olúwa. Ìgbìmọ̀ ìjọ wa fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn aṣáájú kí ìkórè tó wọlé, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ àbá tí a ó jíròrò lé lórí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ gbé e wá síwájú yín.

Ìjọ wa kò tóbi, ìlú kékeré ni a sì wà. Àwọn ènìyàn kan náà ni ó ń darí ohun gbogbo. Ẹni tí ó jẹ́ akápò ni alága ẹgbẹ́ ọkùnrin, òun náà ni ó ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, bí jẹnẹrétọ̀ bá sì kọ̀ tí kò tàn láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, òun náà ni a máa ń pè. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí à bá gbójú lé ti lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, àwọn kan ti ré kọjá òkun. Àwọn tí ó kù kì í fẹ́ gba ipò, àwọn tí ó sì ti wà nípò ń fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù tí ó kọjá, olùkọ́ àwọn ọmọdé wa gbé kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wọn sórí tábìlì mi lẹ́yìn ìsìn. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó sọ ni pé, “Bàbá, ó ti rẹ̀ mí.”

Àbá tí ó wà nílẹ̀ báyìí ni pé kí a fi oyè ìjọ dá àwọn kan lọ́lá lọ́jọ́ ìkórè, kí ó lè jẹ́ kóríyá fún wọn. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Ǹjẹ́ oyè ni ó ń sọ ènìyàn di aṣáájú? Kí ni ẹ̀yin ṣe ní ìjọ tiyín tí àwọn tuntun fi dìde, tí àwọn àgbà kò sì fi sá lọ?

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ tí ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ni ó gbà mí lọ́kàn jù, nítorí iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Kí ẹ tó wá ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá a nílé. Kí ẹ má lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà. Ẹ kàn lọ bi í léèrè ohun tí ó rẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ tán. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, àkókò tí àwọn àgbà ń gbọ́ ìwàásù ni àwọn ọmọdé ń kẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn tiwọn, èyí sì túmọ̀ sí pé olùkọ́ àwọn ọmọdé lè lo ọdún kan gbáko láìgbọ́ ìwàásù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì, bébà àti bisikíìtì. Tí ọmọ kan bá ṣubú tí ó bó lórúnkún, òun ni ìyá ọmọ náà máa kọjú sí. Tí ó bá sì di ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn agbàlejò ni wọ́n máa ń pè síwájú, nítorí pé àwọn ni gbogbo ènìyàn ń rí.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni èmi ń lọ, a sì ní àṣà kan tí ó ti pẹ́ láàárín wa, ìyẹn ìpàdé ìmúrasílẹ̀ àwọn olùkọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Gbogbo olùkọ́ á jọ ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa kọ́ni lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á jọ bi ara wọn ní ìbéèrè, wọ́n á jọ gbàdúrà. Níbẹ̀ ni a ti ń rí ẹni tí ó ní ẹ̀bùn. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní igbákejì kan. Ìtàn inú Bíbélì nìkan ni igbákejì á kọ́kọ́ máa sọ fún àwọn ọmọ, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Olùkọ́ á jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ, kò sì gbọdọ̀ dá sí i, àní bí igbákejì bá tilẹ̀ pe Sílà ní Sílásì. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti túká ni àwọn méjèèjì á jókòó, tí olùkọ́ á sọ ohun tí ó dára kí ó tó sọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tí ó bá yá, igbákejì á gba ẹsẹ àkọ́sórí kún ìtàn, yóò gba ìbéèrè kún un, títí di ọjọ́ ìsinmi kan tí olùkọ́ á mọ̀ọ́mọ̀ lọ jókòó nínú ìsìn àwọn àgbà, tí ó sì fi kíláàsì sí i lọ́wọ́ pátápátá.

Lójú tèmi, iṣẹ́ gidi tí a gbé fún ènìyàn, pẹ̀lú ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀, ni ó ń sọ ọ́ di aṣáájú. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá yẹ̀, iṣẹ́ náà kì í pẹ́ bàjẹ́.

Bàbá Mẹ́tọ́díìsì

Mo gba ohun tí Olùkọ́ sọ wọlé, mo sì fẹ́ fi ìtàn kan tì í lẹ́yìn, nítorí àwa Mẹ́tọ́díìsì ní ìṣúra kan lọ́wọ́ tí a ti jẹ́ kí eruku bò.

Ní ọdún 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé wọn. Ọ̀kan nínú wọn dábàá pé kí olúkúlùkù máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀ títí gbèsè náà á fi tán. Wọ́n pín àwọn ènìyàn sí méjìlá-méjìlá, wọ́n pe ìpín kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì, wọ́n fi ẹnì kan ṣe olórí rẹ̀, olórí náà sì ní láti máa lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gba owó náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn olórí wọ̀nyí ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí wọ́n ṣe ń gbé ní ti gidi, wọ́n rí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n sì rí ẹni tí ìgbé ayé rẹ̀ kò bá ìjẹ́wọ́ ẹnu rẹ̀ mu. Wesley rí i kíá pé ohun tí òun ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbígba owó di ìtọ́jú ọkàn. Àwọn tí ó ń ṣe é kì í ṣe àlùfáà. Oníṣòwò wà nínú wọn, oníṣẹ́ ọwọ́ wà, obìnrin sì wà. Láti inú wọn ni ọ̀pọ̀ àwọn oníwàásù ti jáde, torí pé ẹni tí ó bá ti tọ́jú ènìyàn méjìlá dáadáa ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí àlùfáà ń ṣe.

Nígbà tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842, ìgbàgbọ́ tí ó gbé wá fún wa ní kíláàsì nínú, àwọn ìjọ Áńgílíkà náà sì gba ètò kíláàsì lò. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa lónìí, kí ni ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀? Káàdì àti owó ni. Olórí kíláàsì á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ńlá, á máa sàmì síwájú orúkọ ẹni tí ó san owó kíláàsì. Ó lè pé ọdún méjì tí kò tí ì dé ilé ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹni náà bá kú ni ìjọ á tó máa wo ìwé bóyá ó jẹ gbèsè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ìsìnkú. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó ṣe rí nìyẹn.

Akọ̀wé, bí ìjọ yín bá ní kíláàsì, ẹ ò ní láti dá ètò tuntun kankan sílẹ̀. Ẹ gba iṣẹ́ owó kúrò lọ́wọ́ àwọn olórí kíláàsì, kí ẹ gbé e fún akápò, kí ẹ sì ní kí wọ́n padà sí iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ yàn wọ́n. Kí olúkúlùkù ní ènìyàn méjìlá, ó pọ̀ jù, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ó mọ ilé wọn. Kí ó mọ orúkọ ọmọ wọn. Kí òun àti àlùfáà máa pàdé lóṣooṣù láti sọ bí ara ṣe ń ṣe àwọn ènìyàn náà.

Akọ̀wé Ìjọ, Òkè-Ògùn

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. A ní kíláàsì lóòótọ́, bí Bàbá ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa náà sì rí. Ìbéèrè tí yóò dìde nínú ìgbìmọ̀ ni pé, báwo ni a ṣe máa mọ ẹni tí ó yẹ? Àwọn kan á ní kí a wo ẹni tí ó kàwé, àwọn mìíràn á ní ẹni tí ó lówó lọ́wọ́, nítorí pé ipò aṣáájú ní ìjọ wa máa ń náni lówó.

Àlùfáà Aládùúgbò

Ẹ jẹ́ kí a ṣí orí kẹfà ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì. Ẹjọ́ wà nílẹ̀: àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí ń sọ èdè Gíríìkì ń ráhùn pé a kò ka àwọn opó wọn sí nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ. Àwọn àpósítélì kò bú wọn, wọn kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ wá ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí wọn, tí wọ́n kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Ẹ wo orúkọ àwọn méje náà, Stéfánù, Fílípì àti àwọn yòókù títí dé Níkólà ará Áńtíókù: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ó jọ pé àárín àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn ni wọ́n ti mú àwọn tí yóò yanjú rẹ̀. Nínú ìjọ wa, ẹni tí ó bá ń ráhùn ni a máa ń pè ní ọlọ̀tẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn tí ń ráhùn ní ìjọ yín, ẹ̀yin Akọ̀wé. Nínú wọn ni ẹni tí ó rí àbùkù tí ó sì ń dùn ún dé ọkàn lè wà.

Ṣùgbọ́n kí a má kánjú. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún Tímótì pé kí ó má fi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ jẹ alábòójútó, kí ìgbéraga má baà gbé e ṣubú. Kí a kọ́kọ́ dán ènìyàn wò nínú ohun kékeré kì í ṣe ìwọ̀sí fún un, ààbò ni fún òun àti fún ìjọ.

Ọmọ agbègbè yín ni àpẹẹrẹ tí ó wà lọ́kàn mi jù. Ní Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó gúnlẹ̀ sí Sàró, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ó ṣe olùkọ́ fún ọdún púpọ̀. Ní 1841 wọ́n mú un lọ́wọ́ nínú ìrìn àjò orí odò Ọya, níbi tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ Òyìnbó, tí àwọn tí ó rán an sì rí irú ènìyàn tí ó jẹ́. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ó wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Láti ìrìbọmi dé oyè bíṣọ́ọ̀bù, ogójì ọdún ó dín ọ̀kan. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ rẹ̀ kí orúkọ tó tẹ̀lé e. Henry Venn, tí ó di akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà tí ó rán an níṣẹ́, wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ó gbàgbọ́ pé ìjọ Áfíríkà gbọ́dọ̀ lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó lè darí ara rẹ̀, kí ó sì lè tan ara rẹ̀ kálẹ̀.

Apá kejì ìtàn náà ni ó yẹ kí àwa aṣáájú máa kà léraléra. Wọ́n fi gbogbo iṣẹ́ ìhìnrere odò Ọya sí abẹ́ Crowther, ṣùgbọ́n àwọn ibùdó rẹ̀ jìnnà síra wọn, ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò ni ó sì sábà máa ń wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ kan lè wà níbi tí ó wà fún ìgbà pípẹ́ láìrí ẹni tí yóò gbà á níyànjú tàbí tí yóò bá a wí. Àwọn kan nínú wọn ṣìwà hù lóòótọ́. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Òyìnbó ọ̀dọ́ dé, lẹ́yìn tí Venn ti kú, wọn kò wá ọ̀nà láti tún àwọn ènìyàn náà ṣe. Ní 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà, wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó sì kú ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1891 yẹn kan náà ni àwọn kan ní Èkó dá ìjọ United Native African sílẹ̀. Ní 1901, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ St Paul's ní Breadfruit tún jáde lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà lo James Johnson, àlùfáà wọn, ìyẹn ni ó di ìjọ African Church.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ìjọ lè gbà ba aṣáájú jẹ́. Ó lè gbé iṣẹ́ fún un kí ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ní òun nìkan. Ó sì lè jẹ́ pé nígbà tí ó bá kọsẹ̀, a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìjọ tí ó ti ṣe méjèèjì fún ènìyàn kan ṣoṣo.

Ìyá Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ọgbọ́n orí, ẹ̀yin àgbà. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mo sì fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún oyè díẹ̀, nítorí ó jọ pé ẹ ti dá a lẹ́bi kí ó tó rojọ́. Ọmọ Yorùbá ni wá. A mọ iyì ẹni. Yinni-yinni kẹ́ni ó ṣe òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí, ìjọ tí kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò sì ní rí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ fún un. Ohun tí ó burú ni oyè tí a tà. Nígbà tí lẹ́tà oyè bá dé pẹ̀lú iye owó tí wọ́n ń retí, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ àti malúù tí wọ́n máa pa, gbogbo ìjọ ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ń gbá ilẹ̀ ilé Ọlọ́run láti ìgbà èwe wọn á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ní ó ti rẹ̀ láti ṣiṣẹ́, ọjọ́ yẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ wọ́n.

Ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tiwa, a fi òpin sí i pé kí ẹnikẹ́ni gba oyè tí kò ní iṣẹ́ nínú. Bí a bá fi ọ́ ṣe ìyá àwọn aláìsàn, ọjọ́ tí a fi ọ́ jẹ ẹ́ ni a ó fún ọ ní ìwé tí orúkọ àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀ àti owó ọkọ̀ láti inú àpò ẹgbẹ́. Ẹ kíyè sí owó ọkọ̀ yẹn. Obìnrin tí ó ń ta ata lọ́jà lè ní ẹ̀bùn ìtùnú ju ìyàwó ọ̀gá ilé iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n tí ipò bá ń náni lówó bí Akọ̀wé ṣe sọ, kò ní lè gbà á láé. Kí ìjọ tó ní òun kò rí aṣáájú, kí ó kọ́kọ́ wo iye tí ó ń ná ènìyàn láti jẹ́ aṣáájú níbẹ̀.

Ohun kan sì tún wà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn pẹ̀lú ohun tí ó ṣe gan-an. “Ẹ ṣé, Ọlọ́run á san án fún yín” dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlùfáà wa dìde lọ́jọ́ kan tí ó ní, “Mọ̀mọ́ yìí ni ó sun ọsibítù mọ́jú pẹ̀lú ìyá arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nílé,” mo rí i bí ojú obìnrin náà ṣe yí padà. Títí di òní, ẹ kò lè lé e kúrò nínú iṣẹ́ náà.

Ọmọ Ìjọ, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin òbí mi. Níbí, àìráyè ni ìṣòro tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣáájú wa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tàbí ọsibítù, wọ́n á ti ibẹ̀ wá sí ìsìn òwúrọ̀ láìsùn. Ohun tí ó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a pín ipò kan sí méjì tàbí mẹ́ta, a sì fi òpin sí àkókò rẹ̀: ọdún méjì, lẹ́yìn náà kí ènìyàn sinmi kí ó tó gba òmíràn. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní òpin, àwọn tí ó máa ń sá tẹ́lẹ̀ ti ń gbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ààbò àwọn ọmọdé. Níbí, kí ìjọ tó gbé iṣẹ́ àwọn ọmọdé fún ẹnikẹ́ni, a máa ń gba ìwé ẹ̀rí DBS lórí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ní ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn lọ́rùn, ẹnì kan ṣoṣo kì í sì í dá wà pẹ̀lú ọmọdé. Àwọn kan rò pé àìfọkàntán ni. Ṣùgbọ́n igbákejì tí Olùkọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń kọ́ iṣẹ́, ó sì ń dáàbò bo ọmọ àti olùkọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tí a bí síbí kò fẹ́ ipò tí wọn kò ti lè pinnu ohunkóhun. Bí ẹ bá ní kí ọ̀dọ́ ṣe alága ètò kan, tí àgbà kan sì tún gbogbo ètò náà yí lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kò ní pariwo. Kò kàn ní wá mọ́ ni.

Òǹkàwé Ìtàn Ìjọ

Ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn ni tèmi, nítorí mo rí i pé a máa ń fi ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ṣe olórí ohun gbogbo. Ẹ wo ìjọ Àpósítélì ti Kristi. Kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ dún nínú ìsọjí Òkè-Oóyè ní Iléṣà ní 1930 tó Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ojú ọ̀nà kí Ọlọ́run tó pè é. Síbẹ̀, òun kọ́ ni ó di ààrẹ ìjọ náà. Isaac Akínyẹlé, ọmọ Ìbàdàn tí ó di Olúbàdàn ní 1955, ni ó jókòó sórí àga ààrẹ. Babalọlá ń bá iṣẹ́ ajíhìnrere rẹ̀ lọ títí ó fi sùn nínú Olúwa ní 1959. Bí wọ́n bá ti mú un wọ ọ́fíìsì kí ó máa fọwọ́ sí ìwé, ta ni ì bá máa lọ sí àwọn ìlú wọ̀nyẹn?

Àpẹẹrẹ kejì ni ti ìjọ Ìràpadà. Bàbá Josiah Akíndayọ̀mi, tí ó dá a sílẹ̀ ní 1952, kò kàwé. Ní 1973, olùkọ́ ìṣirò kan ní Yunifásítì Èkó, Enoch Adébóyè, dara pọ̀ mọ́ ìjọ náà, ó sì di ẹni tí ń túmọ̀ ìwàásù Bàbá láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Bàbá kú ní 1980, ẹni tí ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọdún mélòó kan ni ó gba ipò ní 1981. Mo rò pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́ni ní ọkàn àgbà kan tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àlùfáà, ta ni ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ilé ọ̀fọ̀, tàbí tí ẹ bá ń parí ìjà láàárín tọkọtaya, ṣé ẹ máa ń mú ẹnikẹ́ni dání?

Akọ̀wé Ìjọ, Òkè-Ògùn

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ bá olùkọ́ wa nílé láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ ti sọ ni ó rí. Ó ní owó kọ́ ni ó dun òun, bí kò ṣe pé lọ́dún tí ó kọjá, ìgbìmọ̀ gbé gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé fún àwọn aláṣeyẹ nígbà méjì láìsọ fún òun, tí òun àti àwọn ọmọ sì dúró nínú oòrùn. Òun kò tilẹ̀ fẹ́ padà gẹ́gẹ́ bí olórí, ṣùgbọ́n ó gbà láti jókòó ti ẹni tuntun bí a bá rí i.

Èmi yóò kọ ọ́ sínú àbá pé kí a gba owó kúrò lọ́wọ́ olórí kíláàsì, kí ipò kọ̀ọ̀kan ní igbákejì àti òpin, kí àpò ìjọ máa san owó ọkọ̀ fún àwọn tí a bá rán níṣẹ́, kí a sì dá ọ̀rọ̀ oyè ìkórè dúró ná. Ìṣòro tí ó kù ni ti akápò wa. Àgbàlagbà ni, olóòótọ́ sì ni, kò sẹ́ni tí ó lè fẹ̀sùn kàn án. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé bí a bá sọ pé ipò ní òpin, òun ni yóò rò pé a ń lé. Báwo ni a ṣe máa ṣe é tí kò ní dà bí ohun tí wọ́n ṣe fún Crowther?

Bàbá Mẹ́tọ́díìsì

Ẹ má jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú ìpàdé, ìyẹn ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ. Kí àlùfáà àti ẹ̀yin fúnra yín lọ sílé rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń rò fún un kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó mọ̀, kí ẹ sì ní kí òun fúnra rẹ̀ dárúkọ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ní iṣẹ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí ó ti ní ẹni náà lọ́kàn tipẹ́ tí a kò sì bi í. Kí ẹni tuntun náà jókòó tì í títí di ìgbà tí wọ́n bá ṣe ìṣirò ọdún: kí ó máa bá a ka owó lọ́jọ́ ìsinmi, kí ó bá a lọ sí báǹkì, kí ó mọ ibi tí rìsíìtì àwọn ọdún tí ó ti kọjá wà. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ tí akápò máa fa iṣẹ́ lé ẹni tuntun lọ́wọ́, kí ẹ gbé ìwé owó síwájú ìjọ, kí wọ́n ka èyí tí ó bá nílẹ̀ nígbà tí ó gba iṣẹ́ àti èyí tí ó fi sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú gbogbo ènìyàn. Ìyẹn ni oyè tí ó tọ́ sí i.

Àlùfáà Aládùúgbò

Mo fara mọ́ Bàbá. Kí ẹ sì má jẹ́ kí ó dé ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e láìníṣẹ́ lọ́wọ́. Akọ̀wé ti sọ pé òun náà ni ó ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Bí ó bá ti bọ́ lọ́wọ́ owó, yóò ní àyè láti ṣe ìyẹn bí ó ti yẹ, yóò sì lè máa mú ọ̀kan nínú àwọn olórí kíláàsì tuntun dání.